Ṣé ó yẹ kí púùlù ìjọba máa gbowó ẹnu-ọ̀nà? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwárà

Púùlù wo là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí?

Èyí tí wọ́n fi owó ìlú kọ́, tí wọ́n sì ń fi owó ìlú tọ́jú, bíi èyí tó wà nínú ọgbà pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin. Ti òtẹ́ẹ̀lì, ti ilé ìgbafẹ́ àti ti ilé-ìwé aládàáni kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oníṣòwò ló ni ín, iye tó bá wù ú ló lè gbà. Odò Asà àti odò Ọyún náà kò sí nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbowó níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní kúkúrú, ṣé kó gbowó ni àbí kó má gbà?

Kó gba díẹ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Kí ìjọba sì gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé owó ẹnu-ọ̀nà kò lè gbọ́ bùkátà púùlù. Ohun tí owó náà lè ṣe dáadáa ni pé kó dín èrò kù ní wákàtí tí omi bá kún, kó sì ra kílórìn àti ọṣẹ. Ẹni tó bá sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ra dísẹ̀lì tó tún máa san owó oṣù, ẹ ní kó gbé ìṣirò rẹ̀ wá.

Kí ló ń jẹ owó gan-an nínú púùlù?

Ẹ jẹ́ ká mú púùlù tó gùn ní mítà 25, tó fẹ̀ ní mítà 12.5, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5 bí a bá fi ìhà tó jìn bá ìhà tí kò jìn dọ́gba. Omi inú rẹ̀ á tó 470,000 lítà, ìyẹn tánkà onílítà 10,000 mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ti Òlíḿpíìkì, tó jẹ́ mítà 50 sí mítà 25 tó sì jìn tó mítà 2, gba 2,500,000 lítà. A kì í dà á nù lóṣooṣù bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ̀ẹ̀kan là ń rọ ọ́ kún. Àfikún ló kù. Tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá fa mílímítà 5 lójúmọ́, 1,500 lítà ti lọ nìyẹn, ọyẹ́ sì máa ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífi omi fọ àsẹ́ oníyanrìn náà ń gbé tirẹ̀: bí omi bá ń sáré ní 1,300 lítà ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré á gbé 3,900 lítà dà sí gọ́tà.

Iná ló le jù. Gbogbo omi yẹn gbọ́dọ̀ gba inú àsẹ́ kọjá, ó pẹ́ tán, láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìyẹn jẹ́ 78,000 lítà ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù tó lè gbé e á máa jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 5.5. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12, yúnìtì 66 ti jó lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 lóṣù. Ẹ fi iye tí IBEDC ń ta yúnìtì kan fún yín sọ ọ́ di owó. Tí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ 20 kVA á máa mu dísẹ̀lì bíi lítà 3 sí 4 ní wákàtí. Ibí ni ọ̀pọ̀ alábòójútó ti ń ṣe ọgbọ́n orí: wọ́n á pa pọ́ǹpù kí owó má baà lọ. Láàárín ọjọ́ méjì omi á ṣú, kílórìn kò ní dé kọ̀rọ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lára ògiri. Tí ẹ bá dúró létí púùlù tí ẹ kò rí ihò ìfàmi tó wà ní ìsàlẹ̀ ìhà tó jìn jù, ẹ má wọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí kò rí ìsàlẹ̀ omi kò lè rí ẹni tó rì.

Kílórìn: ìwọ̀n tó yẹ kó wà nínú omi jẹ́ mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, kí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) sì wà láàárín 7.2 sí 7.8. Láti fi mílígíráàmù 1 kún 470,000 lítà, ẹ nílò nǹkan bíi 0.7 kílò kílórìn oníyẹ̀fun tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Oòrùn Ìlọrin kì í ṣàánú rẹ̀. Kílórìn tí kò ní ààbò lè pàdánù ju ìdajì lọ kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Nítorí náà púùlù tí kò ní òrùlé ń lo kílò 2 sí 3 lójúmọ́, dúrọ́ọ̀mù 45 kílò kan kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi kẹ́míkà kan, cyanuric acid, tó tó mílígíráàmù 30 sí 50 nínú lítà kan dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, wọn á sì rí i pé kílórìn kò wá sílẹ̀ ju 2 lọ.

Ẹ̀ṣọ́ omi: kò gbọdọ̀ dín ní méjì létí omi nígbàkúùgbà. Wákàtí 10 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ẹ̀ṣọ́ méjì: wákàtí iṣẹ́ 120 nìyẹn. Pín in sí 40 fún ẹnì kan, ó di ènìyàn mẹ́ta. Fi ti àìsàn àti ìsinmi kún un, ó di mẹ́rin. Bó bá jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin 2024 fọwọ́ sí, N70,000, ni wọ́n ń san, N280,000 ti lọ lóṣù kí ẹnikẹ́ni tó ra kílórìn. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là yẹ kó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹnì kan tó wọlé sí i, èló ló ń fi kún ìnáwó?

Díẹ̀ báyìí ni. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ púùlù ní Bírítéènì ń tẹ̀ lé ni pé kí a fi omi tuntun 30 lítà kún púùlù fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀ ọ́. Tánkà onílítà 10,000 kan á tó ènìyàn 333. Ẹ pín iye tí ẹ ń ra tánkà sí 333, ẹ fi omi ṣáwà àti kílórìn díẹ̀ kún un; ẹ ó rí i pé owó tí kò tó ra gààrí kóńgò kan ni.

Ohun tó kù, bí púùlù bá kún, bí ó bá ṣófo, iye kan náà ló ń jẹ. Pọ́ǹpù kò mọ̀ bóyá ènìyàn márùn-ún ló wà nínú omi tàbí ọgọ́rin. Ẹ̀ṣọ́ á gba owó oṣù rẹ̀. Oòrùn á jó kílórìn. Tí owó ẹnu-ọ̀nà bá lé èrò lọ, tí omi wá ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, ìjọba kò fi náírà kan pamọ́; ó kàn ná owó náà sórí omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ ni.

Tó bá wá jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ṣé kò ní kún àkúnya?

Á kún ní ọ̀sán Sátidé, ní ọjọ́ ọdún, àti nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní kún. Ìwọ̀n tí kò fi ẹ̀mí wewu ni ẹnì kan sí mítà mẹ́ta níbùú lóròó (3 m²) ojú omi. Púùlù wa yẹn á gba nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò jù bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ pín ọjọ́ sí sáà ìṣẹ́jú 90. Ẹ ra rọ́bà ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ní àwọ̀ pupa, ọgọ́rùn-ún ní àwọ̀ ewé, ọgọ́rùn-ún ní àwọ̀ ọsàn. Sáà kan, àwọ̀ kan. Tí rọ́bà bá ti tán ní tábìlì, ẹnu-ọ̀nà ti tì nìyẹn, bí ọ̀gá ńlá ló dé. Nígbà tí ìṣẹ́jú 80 bá pé, ẹ fun fèrè, kí aláwọ̀ pupa jáde, kí ẹ̀ṣọ́ fi ojú yẹ ìsàlẹ̀ omi wò láti ìhà kan dé ìkejì kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kì í ṣe àfiṣòfò.

Owó lè ràn yín lọ́wọ́ ní wákàtí tó há yẹn nìkan: kí Sátidé àti Sunday ọ̀sán jẹ́ sísan, kí àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí ìdajì.

Àwọn kan ní ohun tí ènìyàn kò bá sanwó fún, kò ní tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó san N2,000 náà ń tọ̀ sínú omi. Ohun tó ń ba púùlù jẹ́ ni pé wọn kò fi dandan lé e pé kí ènìyàn fi ọṣẹ wẹ̀ kó tó wọ omi. Òógùn, ìtọ̀, ìpara àti atíkè ló ń bá kílórìn pàdé, tí wọ́n sì ń bí òórùn tó ń ta ni nímú àti ojú pípọ́n. Ọ̀pọ̀ rò pé òórùn yẹn ni àmì pé omi mọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Púùlù tó mọ́ kì í rùn.

Ṣáwà mẹ́rin tó ń yọ omi, ọṣẹ, àti òṣìṣẹ́ kan tó dúró síbẹ̀ tí kò gba "ẹ̀gbọ́n, mo ti wẹ̀ nílé", ó ń ṣiṣẹ́ ju owó ẹnu-ọ̀nà lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú mìíràn?

Ní New York, púùlù ìjọba tó wà níta jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Mọ́kànlá nínú àwọn ńlá ibẹ̀ ni wọ́n ṣí ní 1936 pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n gógó. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ mú àgádágodo tirẹ̀ dání. Ti inú ilé ni àgbàlagbà ń forúkọ sílẹ̀ tó sì ń sanwó fún. Philadelphia náà kì í gbowó ní púùlù ìta rẹ̀. Ní Paris, láti oṣù keje 2025, ibi mẹ́ta ni wọ́n ṣí lórí odò Seine fún ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bírítéènì ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Òfin 1846 ló fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lágbára láti kọ́ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú owó orí, ó sì fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà kí mẹ̀kúnnù lè wọlé. Láti ìgbà náà wá, sísan díẹ̀ ni àṣà ibẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2009, ìjọba sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ọdún 16 sísàlẹ̀ àti ẹni ọdún 60 sókè. Nígbà tó di òpin oṣù keje 2010, wọ́n fòpin sí i. Àlàyé wọn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ ọ̀fẹ́ náà ì bá ti sanwó wọlé bí kò bá tiẹ̀ sí i.

Ohun tí a lè mú níbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ tó gbòòrò jù máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó lówó tẹ́lẹ̀, tó ní mọ́tò, tó ti mọ̀wẹ̀. Tí a bá fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Òkè-Àpọ́mù tàbí ọmọ Gàá-Àkàńbí tí kò mọ̀wẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ní orúkọ ọmọ nínú ìwé àti ọkọ̀ tó máa gbé wọn wá láti ilé-ìwé ló ń dé ibẹ̀. Ìkéde "ọ̀fẹ́ ni o" lórí rédíò nìkan kò lè dé ibẹ̀.

Èló ló yẹ kí àgbàlagbà san?

Ẹ fi owó oṣù tó kéré jù wọ̀n ọ́n. Ká ní N1,000 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: N5,000, ìyẹn N20,000 lóṣù, láìtíì sọ ti Kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ẹni tó ń gba N70,000 kò lè san án. Bó bá jẹ́ N500 lórí àgbà, tí ọmọdé sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ó di N4,000 lóṣù. Ó ṣì le, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Owó tó ga kì í sì í fi dandan mówó wá. Ká ní ènìyàn 120 ń wá lójúmọ́ nígbà tó jẹ́ N500, N60,000 wọlé. Bí ẹ bá sọ ọ́ di N1,000 tí èrò já sí 50, N50,000 lẹ ní lọ́wọ́, púùlù sì ti ṣófo. Kí ẹ tó gbé owó sókè, ẹ ka èrò fún oṣù mẹ́ta, wákàtí sí wákàtí, kí ẹ mọ ibi tó ti ń kún.

Ta ni kò yẹ kó sanwó rárá?

Ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, àti olùkọ́ tó mú wọn wá. Èyí kì í ṣe fàájì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi 300,000 ènìyàn ló kú sínú omi ní 2021, ó sì ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa níbí, oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ ojú omi tó kó èrò ìgbéyàwó dojú dé lórí odò Ọya ní agbègbè Pàtígì, ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá a lọ. Ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan kò lè dáhùn irú ìyẹn. Aṣọ ìléfòó àti ọkọ̀ tí kò kún jù ló kọ́kọ́ ń dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè léfòó ní àǹfààní tí ọmọ tí kò lè léfòó kò ní.

Ìwọ̀n tí a ń lépa ni pé kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 láìdúró, kó lè léfòó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kó sì mọ̀ pé igi gígùn tàbí okùn ni kí òun nà sí ẹni tó ń rì, kí òun má bẹ́ sínú omi bá a. Ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún olùkọ́ kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ̀wẹ̀.

Ìyá mi ní òun kò lè wọ ibi tí ọkùnrin wà. Ṣé àwọn obìnrin máa san owó tiwọn lọ́tọ̀?

Rárá. Ní Ìlọrin, púùlù tí kò ní sáà obìnrin ti lé ìdajì ìlú sẹ́yìn kí ó tó sọ iye tó ń gbà. Sáà méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, iye kan náà tí ọkùnrin ń san. Àwọn ibì kan ń pè é ní "sáà àdáni" kí wọ́n lè gbowó ìlọ́po méjì. Kò tọ́, nítorí pọ́ǹpù àti kílórìn kan náà ni.

Ohun tí sáà náà nílò: ẹ̀ṣọ́ omi obìnrin méjì (èyí ló ṣòro jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn níṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú), ògiri tàbí aṣọ ìbòjú tó ga ju orí ẹni tó dúró lórí àga níta lọ, àti kí gbogbo fóònù wà ní tábìlì ẹnu-ọ̀nà. Aṣọ tó bo ara pátá kò léwu tó bá jẹ́ aṣọ náílọ́nù tàbí aṣọ eré ìdárayá tó fara mọ́ra. Àǹkárá àti híjáàbù onítòwú ni kò dára: ó ń wúwo nínú omi, òwú rẹ̀ sì ń já bọ́ sínú agbọ̀n tó wà níwájú pọ́ǹpù. Tí agbọ̀n yẹn bá dí, omi kò ní sáré mọ́, pọ́ǹpù á gbóná. Kí wọ́n ṣí agbọ̀n náà fọ̀ lẹ́yìn sáà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ààwẹ̀ Rámádánì ńkọ́?

Èrò ọ̀sán á dín kù púpọ̀. Ẹ má dín owó kí èrò lè wá. Ẹ lo àkókò náà fi tún táìlì ṣe, pààrọ̀ yanrìn àsẹ́ tó bá ti pé ọdún márùn-ún sí méje, kí ẹ sì ṣí sáà kan lẹ́yìn àṣámù (ìrun alẹ́ ààwẹ̀) bí iná ìta bá mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi.

Ṣé kí ọmọ ìlú san díẹ̀, kí àlejò san jù?

Ó dùn létí, ó nira lẹ́nu-ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń gbé ní Tanke, ṣé ọmọ ìlú ni? Ọmọ Ọ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ńkọ́? Káàdì wo la fẹ́ yẹ̀ wò, ta ló sì máa yanjú aáwọ̀ nígbà tí èèyàn ogójì tò sẹ́yìn? Ẹ fi wákàtí pín owó, ẹ má fi ìlú pín in.

Báwo ni owó kò ṣe ní sọnù lọ́nà?

Ẹni tó ń gbowó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pín rọ́bà ọwọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á gba POS tàbí tránsífà, á já tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà. Ẹnì kejì á gba tíkẹ́ẹ̀tì, á ya á sí méjì, á fún un ní rọ́bà. Lálẹ́, iye rọ́bà tó jáde, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó ya, àti iye tó wọ báńkì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ náà ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tó ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí ibi tí "ọ̀fẹ́" kò bá ti ní nọ́ńbà ni jìbìtì ti ń gbà wọlé: àgbà mẹ́wàá á sanwó, ìwé á sọ pé ọmọdé mẹ́wàá ló wá.

Ẹ lẹ iye èrò àti iye owó ọjọ́ náà mọ́ pátákó níta. Ẹ̀bá ìwọ̀n kílórìn àti pH ni kó wà, kí ará ìlú rí méjèèjì pọ̀.

Tí owó bá wọ àpò ìjọba, ṣé ó ń padà sí púùlù?

Kì í fúnra rẹ̀ padà. Abala 120 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé owó tí ìpínlẹ̀ bá gbà gbọ́dọ̀ wọ àpò gbogbogbòò kan ṣoṣo, àyàfi èyí tí òfin bá dá àpò mìíràn sílẹ̀ fún nítorí iṣẹ́ kan pàtó. Nítorí náà púùlù lè gba N1.3 mílíọ̀nù lóṣù kó má rí owó ra dúrọ́ọ̀mù kílórìn kan, tí ìwé ìbéèrè owó rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹnì kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi kì í dúró de ìwé. Ọjọ́ méjì láìsí kílórìn ti tó láti bà á jẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá àpò púùlù sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tàbí kí ìṣúná ọdún ti ya owó kílórìn, iná àti owó oṣù sọ́tọ̀ láì ka ohun tó bá wọlé lẹ́nu-ọ̀nà sí. Èyí kejì ló yá, ó sì rọrùn láti tọpinpin. Ibi tí kò bá ti sí ìkankan nínú méjèèjì, kí ará ìlú má gbà kí wọ́n gbé owó sókè lórúkọ àtúnṣe.

Omi ẹ̀rọ kò yọ ní àdúgbò wa. Ṣé ó tọ́ kí ìjọba máa rọ omi sí púùlù?

Ìbéèrè tó tọ́ nìyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Tí omi púùlù bá ń wá láti ẹ̀rọ ìlú kan náà tó ń fún Ọjà Ọba àti Adéwọlé, kí wọ́n rọ ọ́ ní alẹ́ àti nígbà òjò, kí bọ̀hóòlù tirẹ̀ gbé àfikún ojoojúmọ́. Èyí tó ń jò ló yẹ kó bí wa nínú jù. Ẹ dán an wò: ẹ gbé korobá omi lé orí àtẹ̀gùn inú púùlù, ẹ fi máàkì sí ojú omi inú korobá àti ti ìta rẹ̀, ẹ pa pọ́ǹpù fún wákàtí 24. Tí ti ìta bá sọ̀ ju ti inú lọ, kì í ṣe oòrùn ló fà á. Páìpù tàbí ògiri ló ń jò. Jíjò mílímítà 10 lójúmọ́ á gbé ju 3,000 lítà lọ. Kò sí iye owó ẹnu-ọ̀nà tó lè dí ihò yẹn.

Ọmọ kan yàgbẹ́ sínú omi, wọ́n lé gbogbo wa jáde. Ṣé ó yẹ kí wọ́n dá owó wa padà?

Bí ìgbẹ́ náà bá ki, wọ́n á fi àwọ̀n kó o, wọ́n á gbé kílórìn dé mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, pH kò ní ju 7.5 lọ, ìṣẹ́jú 30 ló kù. Kí wọ́n fi sáà mìíràn rọ́pò fún yín; kò pọn dandan kí wọ́n dá owó padà.

Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ náà ti parí, kí wọ́n dá owó padà. Kòkòrò kan wà tí kílórìn lásán kì í tètè pa. Ìlànà Amẹ́ríkà ni kí kílórìn wà ní mílígíráàmù 20 nínú lítà kan fún wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 45, nínú omi tí kò ní cyanuric acid. Fún púùlù 470,000 lítà, kílò 14 àti ààbọ̀ kílórìn oníyẹ̀fun nìyẹn. Tí cyanuric acid bá ju 15 lọ, wọ́n ní láti da díẹ̀ nínú omi nù kọ́kọ́. Alábòójútó tí owó ẹnu-ọ̀nà nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé kò ní fẹ́ ti púùlù fún odidi ọjọ́ kan, á dákẹ́. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí owó oṣù rẹ̀ so mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí a tó kúrò níbẹ̀: kílórìn ni wọ́n ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kílórìn lórí. A kò sì gbọdọ̀ gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú ásíìdì. Bí méjèèjì bá pàdé, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ṣé kò sàn kí ìjọba gbé e fún aládàáni?

Ó lè sàn bí ìwé àdéhùn bá ní eyín. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọtí àti orin ló ń mówó wá ju omi lọ, láàárín ọdún kan púùlù á ti di ilé ọtí tí omi wà láàárín rẹ̀, ìyá tó fẹ́ mú ọmọ wá kò ní lè wá mọ́.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: iye tó ga jù tó lè gbà; sáà obìnrin méjì lọ́sẹ̀; wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ fún ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́; ìdánwò omi ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, tí a kọ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò; àti pé tí ìwé náà bá ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, ìjọba lè gba kọ́kọ́rọ́. Kí ìjọba náà sì san tirẹ̀ fún wákàtí ọ̀fẹ́ tó gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oníṣòwò á wá ọgbọ́n sí i.

Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo ńkọ́? Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ́ tirẹ̀?

Àtẹ kẹrin nínú òfin ìpìlẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́, gbangba ìlú àti àwọn ohun èlò ará ìlú tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá là sílẹ̀. Kò dárúkọ púùlù, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rí i pé òfin ìpínlẹ̀ gbà á.

Ẹ má kọ́ ti Òlíḿpíìkì. Púùlù ẹ̀kọ́ tó gùn ní mítà 12.5, tó fẹ̀ ní mítà 7, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 90 kò gbà ju 79,000 lítà lọ, tánkà mẹ́jọ péré. Pọ́ǹpù bíi kílówáàtì 2 lè yí omi rẹ̀ po láàárín wákàtí méjì, sólà sì lè gbé e lójú ọ̀sán nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú omi. Irú èyí kò nílò owó ẹnu-ọ̀nà rárá. Ilé-ìwé á máa wá ní ìpele, àgbàlagbà tó bá fẹ́ kọ́ á san díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó múlé gbe ara wọn, bíi Ọ̀fà àti Ọyún, lè pawọ́ pọ̀ ṣe ẹyọ kan tó dára dípò méjì tó máa gbẹ.

A sanwó, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé "ẹni tó bá wọ̀ ọ́, lọ́rùn ara rẹ̀ ni". Tí ẹnì kan bá rì ńkọ́?

Àkọlé kì í fa ènìyàn jáde nínú omi. Bí wọ́n bá gbowó, bí wọn kò gbà á, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ló ni ojúṣe láti fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ni 10 àti 20: kó rí ẹni tó wà nínú wàhálà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín 20 mìíràn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ fóònù tàbí tó tún ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe é.

Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo. Á dúró ṣánṣán nínú omi, orí á ṣubú sẹ́yìn, ẹnu á máa wọlé jáde nínú omi. Tí ẹ bá gbé ọmọ lọ, ẹ dúró síbi tí ọwọ́ yín á ti tó o, kódà bí ẹ̀ṣọ́ bá pé mẹ́rin.

Ìgbà wo ló yẹ kí ìlú gbà kí wọ́n gbé owó sókè?

Nígbà tí ìwé oṣù mẹ́fà bá ti wà lára pátákó, tí sáà ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ sì ń kún dé ọgọ́rùn-ún léraléra. Kí ó gòkè ní sáà wọ̀nyẹn nìkan. Bó bá jẹ́ pé dísẹ̀lì ló wọ́n, ìṣúná ló ń gbé ìyẹn. Ẹ lọ bá aṣòfin yín, ẹ má bá akówó ẹnu-ọ̀nà jà.